Ta ló ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ìjọba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mí. Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Wọ́n ní kí ó mú 1,500 náírà wá, kò sì sí rìsíìtì. Ṣé ìjọba kì í fún wọn lówó ni? Ìyá Àyọ̀ká

ÌDÁHÙN: Ìyá Àyọ̀ká, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìjọba ń fún wọn. Òfin UBE (ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lè fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta jura. Àbújá ń ya owó sọ́tọ̀ fún kíláàsì, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, àmọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó rí i gbà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dí.

Nígbà tí mò ń ṣe tíṣà ní Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin kan máa ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, á fi orúnkún ṣe tábìlì, bírò á sì lu ìwé rẹ̀ já. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ má bá tíṣà jà. Owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ yàtọ̀ sí owó ilé ìwé; ìpàdé ni wọ́n ti ń fẹnu kò lé e lórí. Ẹ bi ọ̀gá ilé ìwé pé èwo lèyí, ìpàdé wo ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Tí kò bá yé yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, lẹ́yìn náà SUBEB, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ní Ìbàdàn. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye owó náà sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.