Balùwẹ̀ Abẹ́ Òrùlé: Ibo Ni Ká Gbé Ṣáwà Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìjẹ̀bú-Igbó là ń gbé, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá ọkọ mi ni. Yàrá kan wà lókè tá à ń kó ẹrù sí, a fẹ́ sọ ọ́ di balùwẹ̀ torí èyí tó wà nísàlẹ̀ ò tó wa mọ́, tí Ojúde Ọba bá ti dé báyìí gbogbo ẹbí ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé síìlìn ẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9, apá kejì ò ju 4 lọ. Yàrá náà gùn ní 10, ó fẹ̀ ní 8, ibi 8 yẹn ló ti ń rẹlẹ̀ bọ̀. Mo fẹ́ bathtub síbi tó kúrú yẹn bí mo ṣe rí i nínú fọ́tò, ọkọ mi ní ṣáwà lòun fẹ́. Ọmọ mẹ́ta la ní, ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa. (Ìyàwó ilé, Ìjẹ̀bú-Igbó)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé o, ìyàwó wa. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti ra táìlì ra ṣáwà tán kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Balùwẹ̀ abẹ́ òrùlé, ibi tí orí máa dé lẹ kọ́kọ́ ń wá, ilẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, ẹ wá ibi tí síìlìn ti ga tó ẹsẹ̀ 6 àbọ̀, ẹ fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, àárín yàrá gan-an ni ìlà yẹn máa bọ́ sí, ẹsẹ̀ 4 sí ògiri kúkúrú. Gbogbo ohun téèyàn máa dúró ṣe, ìwẹ̀ ni o, ojú fífọ̀ ni o, ẹnu ọ̀nà ni o, apá tó ga ni kẹ́ ẹ kó o sí.

Ọ̀rọ̀ bathtub, mi ò ní tàn yín, mi ò fara mọ́ ọn. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà gùn tó ẹsẹ̀ 5 àbọ̀, ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ 2 lọ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e ti ògiri kúkúrú, síìlìn ibi téèyàn máa dúró sí nínú ẹ̀ ò ní tó ẹsẹ̀ 5. Àwọn tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò yẹn, wọ́n ń jókòó sínú omi ni, àwa sì rèé, òòró la máa ń dúró bu omi sórí. Omi 150 lítà tó bá wọnú ẹ̀, kílò 150 nìyẹn kéèyàn tó wọlé sí i. Tí ilẹ̀ òkè yín bá jẹ́ pátákó bíi tàwọn ilé àtijọ́, tí kì í ṣe dẹ́kìn, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ kó wo àwọn igi abẹ́ ẹ̀ ná, kódà tó bá jẹ́ ṣáwà nìkan.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló lè wà níbi tó kúrú, torí ìjókòó ni, àmọ́ ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yẹn tímọ́tímọ́. Nílé bàbá tèmi ní Ìkẹ́nnẹ́, bí pọ́ńbà kan ṣe ṣe é nìyẹn, bàbá mi sì ga, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n forí gbá síìlìn, látìgbà yẹn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ lóru, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àkàsọ̀. Ẹ kọ́ ògiri kékeré kan síwájú ògiri kúkúrú yẹn, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ ẹsẹ̀ 1 péré, kí páìpù wà lẹ́yìn ẹ̀, kí tọ́ílẹ́ẹ̀tì dojú kọ apá tó ga, torí téèyàn bá ń dìde, iwájú lorí máa ń lọ. Ẹ gbé àpótí síbẹ̀ kí ọkọ yín jókòó kó sì dìde, kẹ́ ẹ rí i fúnra yín.

Nítorí Ojúde Ọba yẹn, ẹ dá tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní yàrá tirẹ̀, ẹsẹ̀ 3 ní fífẹ̀ tó, ẹsẹ̀ 7 á ṣẹ́ kù fún ìwẹ̀ àti bésìn. Ẹni kan ń wẹ̀, ẹlòmíì ń ṣe tiẹ̀. Kí ilẹ̀kùn méjèèjì máa ṣí síta, torí tẹ́nì kan bá ṣubú sínú, ẹ ò ní lè ti ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú. Ìyá yẹn ní tiwọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lo tìsàlẹ̀, ẹ kàn kan irin ìdìmú mọ́ ògiri fún wọn.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni táǹkì. Omi ò ní dìde fúnra ẹ̀ lọ bá ṣáwà, tí táǹkì yín bá wà lórí igi tàbí irin tí ò ga ju òrùlé lọ, omi á kàn máa ṣe tó-tó-tó. Kí ìsàlẹ̀ táǹkì ga ju orí ṣáwà lọ ní ẹsẹ̀ 10 ó kéré tán, tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ra pọ́ǹpù kékeré sí i. Páìpù tọ́ílẹ́ẹ̀tì á jẹ́ íǹṣì 4, kó máa rẹlẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì kan lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, torí náà ẹ gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì súnmọ́ ògiri ìta.

Abẹ́ páànù gbóná, fèrèsé gbọ́dọ̀ wà lára ògiri tó ga, kí síìlìn sì jẹ́ PVC (èyí tó jẹ́ oníke), POP (èyí tó jẹ́ onípúlásítà) ò fẹ́ràn ooru omi.

Kẹ́ ẹ tó lẹ táìlì, lẹ́yìn tí bíríkìlà bá ti fi kẹ́míkà tí ń dí omi kun ilẹ̀, ẹ dí ojú ihò omi pa, ẹ da omi kún ilẹ̀ ní íǹṣì 1, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ wá lọ wo síìlìn yàrá ìsàlẹ̀.