Èsì: Kí ló kan òṣèré nínú ọ̀rọ̀ ìjọba?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé ojúsàájú wo ni Amẹ́ríkà ń ṣe, àti pé kí ló kan òṣèré fíìmù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo jáde. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé pàṣẹ ní oṣù kẹta ọdún 2023 pé kí wọ́n mú Putin nítorí àwọn ọmọdé Ukraine tí wọ́n kó lọ sí Rọ́ṣíà, Biden, tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ní àṣẹ náà tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ẹjọ́ kan náà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé kí wọ́n mú Netanyahu ti Ísírẹ́lì lórí ọ̀rọ̀ Gaza, Biden yìí kan náà ní àṣejù gbáà ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àti Rọ́ṣíà àti Ísírẹ́lì, kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ilé ẹjọ́ náà nínú àwọn méjèèjì.

Ní ti àwọn òṣèré, n kò gbà pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Susan Sarandon, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ níbi ìwọ́de àwọn alátìlẹ́yìn Palẹstínì ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ tó ń bá a wá iṣẹ́ sì yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó sọ nípa ẹ̀rù tó ń ba àwọn Júù kù díẹ̀ káàtó lóòótọ́, òun náà sì tọrọ àforíjì. Ohun tó dùn mí ni pé gbólóhùn kan yẹn ni wọ́n gbé pọ̀n, tí wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mẹ́nu ba àwọn tó ń kú ní Gaza, tí ìwọ́de náà torí wọn wáyé.