Akọni mi ń yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń dá ṣe géèmù kékeré kan. Àwòrán 12 ni mo ya fún ìrìn akọni mi, tí gíga rẹ̀ kò ju píksẹ́lì 32 lọ (píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán lójú ẹ̀rọ), síbẹ̀ ńṣe ló ń yọ̀ lórí ilẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àwòrán 12 ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò ga ju píksẹ́lì 32 lọ. Mẹ́rin tó: ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì pàdé, ẹsẹ̀ òsì níwájú, wọ́n tún pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè ní píksẹ́lì 1 péré. Ẹ óò rí i bí ẹ̀mí ṣe máa wọ̀ ọ́.

Ti yíyọ̀ yẹn, ìṣirò ni, kì í ṣe àwòrán. Èmi náà fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì tún bàtà ya kí n tó mọ̀ (bàtà tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ rí!). Ẹ ka iye píksẹ́lì tí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ fi ń sún sẹ́yìn láti àwòrán kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ 4, tí àwòrán 8 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, píksẹ́lì 32 ni kí akọni yín fi sún síwájú láàárín àkókò náà. Ìyára inú kóòdù (àwọn àṣẹ tí géèmù ń tẹ̀ lé) ni kí ẹ yí padà.