Kí o tó gbà láti lọ sí wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀, béèrè sípánà

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ: bí àjàkálẹ̀ àrùn bíi kòrónà bá tún dé, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ mọ́ àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tó ní àrùn náà sí, ṣé kí o gbé ọmọ rẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ ni, àbí kí o máa tilé lọ kí o máa tilé bọ̀? Màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ sípánà fún èmi nígbà tèmi, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí àrùn náà múlẹ̀ lára ará Ítálì kan l'Ékòó. Kí oṣù kẹta tó parí, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó àti l'Ábùjá. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n fi àwòrán hàn wá lára ògiri, wọ́n fún wa ní mítì-páì àti ìwé-ẹ̀rí. Ọ̀gá tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ nínú aṣọ ìdáàbòbò tí a máa wọ̀ tọ́jú aláìsàn, abẹ́ éésì ló sì ti wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, o ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní tún un sọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀ ni wọn kì í sọ. Òógùn á máa dà sínú ìbọ̀wọ́ títí orí ìka á fi rin gbindin. Èémí á bo awò ojú, nọ́ńbà ọ́síjìn tó wà lójú ẹ̀rọ tí a ń kì bọ aláìsàn níka á di bàìbàì, wàá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kí o tó mọ̀ bóyá 88 tó léwu ni tàbí 98 tó dára. Máákà la fi kọ orúkọ wa sáyà, torí baba kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní òun ò mọ èwo nínú àwa eégún wọ̀nyí ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Lóru ọjọ́ kan, ọ́síjìn baba yìí ń tán lọ. Sìlíńdà tó kún wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ níbẹ̀. Sípánà tí wọ́n fi ń tú orí rẹ̀ ni kò sí. Inú sítọ̀ ló wà, sítọ̀ wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá sítọ̀ tó ti relé láti aago mẹ́rin. Èmi àti ẹnìkejì mi nìkan la wà nínú. Kí n tó lè jáde lọ pe ẹnikẹ́ni, àfi kí n bọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìbọ̀wọ́, awò, aṣọ, kí n máa fọwọ́ láàárín wọn, kí ìbòmú sì gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn orí la ti ń yọ okùn rẹ̀, a kì í fọwọ́ kan iwájú. O ò gbọ́dọ̀ kánjú. Mò ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì mi tó ń sọ fún baba pé kó dojú bolẹ̀, kó rọra máa mí, èmi sì dúró, mò ń fọwọ́. Nọ́ńbà tí dókítà fún mi kò wọlé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ni mo ti padà rí sípánà. Baba mórí bọ́ lóru yẹn. Ó kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo kọ̀wé nípa sítọ̀, èsì tí mo rí gbà ni pé mi ò gba ọ̀nà tó yẹ. Ọ̀nà wo?

Nítorí náà, alẹ́ ni kí o lọ wo wọ́ọ̀dù yẹn, má lọ lọ́sàn-án. Béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Béèrè ẹni tó máa rọ́pò yín bí ọ̀kan nínú yín bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìlérí yòówù kí wọ́n ṣe, kó wà nínú ìwé. Hazard wa nígbà yẹn, ìyẹn owó ewu iṣẹ́, 5,000 náírà lóṣù ni. Àfikún tí wọ́n ń kéde lórí rédíò, àwọn kan rí i gbà, àwọn mìíràn ń retí rẹ̀ di òní.

Irun rẹ ńkọ́? Okùn ìbòmú N95 máa ń yọ̀ lórí irun dídì. Bí o bá so ó tán, fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, kí o mí síta. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ọ lójú, kò tíì dì. Èyí tó ní fáàfù níwájú, èémí tìrẹ ń ti ibẹ̀ jáde sára ẹlòmíì. Má sì gba òògùn WhatsApp lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2020, kílórókúìnì gbé àwọn èèyàn dé ọsibítù l'Ékòó torí pé ààrẹ Amẹ́ríkà yìn ín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ: bí o bá máa gbé e lọ, kó jẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Má ṣe ti wọ́ọ̀dù dé kí o tó wá gbé ọmọ tí ẹ jọ ń sùn lọ bá ìyá àgbà, pàápàá bí mọ́mì bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Bí o bá ń tilé lọ, ọsibítù ni kí o ti wẹ̀, kí o sì pààrọ̀ aṣọ. Má wọ yunifọ́ọ̀mù wọ àdúgbò. Nígbà tèmi, àwọn tí a jọ ń gbélé, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ géètì tí mo bá ti kọjá.

O ò sọ bóyá wọ́ọ̀dù yẹn ní yàrá tí ẹ ti máa bọ́ aṣọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá ni, tètè kọ̀wé sí mi kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.