Iye tí wọ́n ń kéde lálẹ́ kọ́ ni ìrìn àrùn o

Àbúrò, o ní o kó iye àwọn tó ní Kòrónà tí NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, ń gbé sórí Twitter lálaalẹ́ lọ́dún 2020 jọ fún ìpínlẹ̀ Ògùn, o fà á ní ìlà, o wá rí i pé ọjọ́ míì wà tó jẹ́ òdo, tó bá di ọjọ́ kejì á kàn fò sókè lójijì, o wá ń bi wá pé ṣé àrùn yẹn ń sinmi ni kó tó tún dìde. Rárá o. Kò sinmi. Lábù tó ń ṣe àyẹ̀wò ló sinmi, tàbí kó jẹ́ pé mọ́tò tó ń gbé sáńpù, ìyẹn ohun tí wọ́n kó nímú aláìsàn, ni ò tíì lọ. Òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ni mí, mo wà lára àwọn tó ń wá àwọn tó fara kan aláìsàn kiri ní Abẹ́òkúta níbí nígbà yẹn, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn ín.

Wò ó báyìí. Ẹnì kan kó àrùn yẹn lónìí. Ó lè tó bí ọjọ́ márùn-ún kí ara ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 14. Ara gbóná tán, ó lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, torí ta ló ń torí ibà ọjọ́ kan lọ sílé ìwòsàn? Kò lọ, ó mu àgbo sí i. Ìgbà tí mímí wá ń ni í lára ló tó gbà kí wọ́n gbé òun lọ, wọ́n fi owú kó nǹkan nínú imú ẹ̀, sáńpù dé lábù, ó bá tàwọn èèyàn tó wà níwájú, ó dúró, èsì wá jáde, wọ́n fi ránṣẹ́ s'Ábújá, ó bọ́ sínú iye alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lò ń kà yẹn. Tí èsì ọjọ́ mẹ́rin bá wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà ẹ á fò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú iye yẹn lè ti máa jẹ àmàlà padà nílé wọn.

Ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ lára kálukú ni kó o máa wá. Fọ́ọ̀mù wa ní àyè fún un, àyè yẹn gan-an ló sì máa ń ṣófo jù, kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ ya ọ̀lẹ. Bi màmá kan ní Ìtòkú pé ọjọ́ kelòó oṣù ni ara yín kọ́kọ́ gbóná, á ní "ó ti ṣe díẹ̀". Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa ni ká bi wọ́n pé ṣé ẹ ti gba ájọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ni, ṣé wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí nígbà yẹn. Nígbà kónílé-ó-gbélé ó tiẹ̀ tún rọrùn díẹ̀, torí àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ní ká jáde, láti aago 7 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ẹ̀. Wọ́n á ní "ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọjà yẹn, mo lọ ra gàrí ní Lafẹ́nwá, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí orí ń fọ́ mi." Ó tán. O ti rí ọjọ́ ẹ.

Ìyá kan wà tó ń ta irú ní Kútọ̀. Ọmọ ẹ̀ ti ní Kòrónà, wọ́n ti gbé e lọ, a wá lọ wo ìyá. Ara ò gbóná, kò wúkọ́, gbogbo ohun tí a bi í nínú fọ́ọ̀mù, rárá ni. A ti ń dìde ló wá ní ohun tó ń da òun láàmú ni pé àwọn oníbàárà ń ráhùn pé irú òun ti fẹ́ẹ́ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gbé e sún mọ́mú, òun ò gbọ́ òórùn kankan. Irú o! Ẹni tó ti ń se irú láti kékeré. Bẹ́ẹ̀ àìgbọ́ òórùn wà lára àmì Kòrónà. A bi í pé ìgbà wo làwọn oníbàárà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sọ ti ṣáájú ìgbà tí ara ọmọ ẹ̀ gbóná. Ọjọ́ yẹn la yíjú sí ọjà Kútọ̀, àwọn tí ìyá ń bá jókòó, ẹni tó ń bá a gbé ẹrù. Àtìgbà yẹn, tí mo bá wọlé ẹnikẹ́ni, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni "ṣé ẹ ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀?"

Ibi tí wọ́n ka èèyàn mọ́ tún ń da nǹkan rú. Ọkùnrin ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn yìí lára ẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí oṣù Kejì 2020, Èkó ni wọ́n kà á mọ́, Yábàá ni wọ́n ti tọ́jú ẹ̀, àmọ́ ó ti wá sí Ewékorò lọ́dọ̀ wa níbí kí wọ́n tó mọ̀. Ẹnì kejì tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, Ewékorò ló wà, ó wà lára àwọn tó fara kan ọkùnrin yẹn. Tó bá jẹ́ iye nìkan lò ń wò, wàá ní ọ̀kan l'Ékòó, ọ̀kan l'Ógùn, kò ní hàn sí ẹ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mọ́wé, Ìbafò, Àkútè, Sàngó Ọ̀tà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn, Èkó ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ṣebí torí ẹ̀ náà ni Ààrẹ Buhari ṣe ka Ògùn mọ́ Èkó àti Àbújá nígbà tó kéde kónílé-ó-gbélé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, tiwa wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. (Láyé àwọn bàbá wa náà, lọ́dún 1918, ọkọ̀ ojú omi ló gbé influenza dé Èkó, ojú irin ló sì gbà wọ̀lú lọ́dọ̀ wa.) Torí náà, jọ̀ọ́, má da ìjọba ìbílẹ̀ 20 pọ̀ sínú ìlà kan. Ìfọ̀ àti Adó-Odò/Ọ̀tà lọ́tọ̀, Abẹ́òkúta lọ́tọ̀, apá Ìjẹ̀bú lọ́tọ̀.

Iye àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe náà, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó ní in. Tí àyẹ̀wò bá dínkù, aláìsàn á dínkù lórí ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ jù ni pé gbogbo iye yìí, orí kí èèyàn gbà láti sọ̀rọ̀ ló dúró lé. Wọ́n gbé áńbúláǹsì aláriwo wọ agboolé kan níbí lọ́sàn-án gangan, àwọn tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀, gbogbo àdúgbò jáde wá ń wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ayálégbé ti kó jáde, àwọn tó yẹ ká máa ṣọ́ fún ọjọ́ 14 ti gba Ìbàdàn lọ, àwọn míì gba abúlé, wọ́n pa fóònù. Ìyá tó ń dín àkàrà níwájú ilé yẹn ò rẹ́ni ra àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Inú ṣì ń bí mi títí di òní. Àìsàn ni, kì í ṣe olè ni wọ́n wá mú. Lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀nà jíjìn làwa ń gbé mọ́tò sí, a ó yọ jákẹ́ẹ̀tì ìjọba, a ó ti pè lórí fóònù ṣáájú, a ó wọlé kí baálé ilé bí àlejò. A ò sì ní bi ẹnikẹ́ni pé ta lẹ fara kàn, torí "kò sẹ́nì kankan" ni wọ́n máa sọ. Ta ló bá yín gbé ẹrù, ta lẹ jọ jẹun, ta ló wá di irun fún yín, ta lẹ jókòó tì nínú mọ́tò. Orúkọ á máa jáde wẹ́rẹ́.

Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Èkó, èèyàn 20 ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, àmọ́ èèyàn 894 ni wọ́n wá kàn tí wọ́n ń ṣọ́. Ebola kì í ràn kí àìsàn tó hàn lára èèyàn, Kòrónà máa ń ràn kó tó hàn, ìdí tó fi ṣòro fún wa nìyẹn. SORMAS, ètò orí fóònù àti kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn àti àwọn tó fara kàn án sílẹ̀, tí àwọn ará Jámánì àti tiwa jọ ṣe lẹ́yìn Ebola, dáa púpọ̀ o, àmọ́ ohun tí màmá oníirú bá sọ fún ẹ nìkan lo lè tẹ̀ sínú ẹ̀.

Gba lẹ́tà níléèwé ẹ, lọ sí ilé iṣẹ́ ìlera ní Òkè-Mosàn, bèèrè àwọn tó ń mójú tó ìtọpinpin àrùn, ní kí wọ́n fún ẹ ní iye tí wọ́n pín sí ọ̀sẹ̀ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, láìsí orúkọ, láìsí àdírẹ́sì. Tí wọn ò bá rí i fún ẹ, ti NCDC yẹn náà ni kó o lò, àmọ́ ro ọjọ́ méje méje pọ̀ kó o fi 7 pín in, kó o sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán pé ọjọ́ tí wọ́n kéde èsì ni, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kó àrùn. Má fi àmì sórí ilé ẹnikẹ́ni nínú máàpù, àwọn agboolé kan ṣì wà tí aládùúgbò ń fi ọ̀rọ̀ yìí bú. Tó o bá ti ya á tán, jẹ́ kí n rí apá Abẹ́òkúta, ní pàtàkì oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, màá sọ ibi tó bá ohun tí a rí mu àti ibi tí kò bá a mu fún ẹ.