Kí ni olùtọ́jú aláìsàn láàárín àwọn ọmọ ogun oníparaṣúùtì Amẹ́ríkà ń ṣe nígbà tí kò sógun?

Ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ ń kọ́: bí ọ̀sẹ̀ 16 ní Fort Sam Houston, Texas, fún ìtọ́jú ọgbẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 3 ní Fort Benning, Georgia, níbi tó ti gbọ́dọ̀ fi paraṣúùtì fò bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò dùn tó bí fíìmù ṣe ń fi hàn: ó ń rí aláìsàn láàárọ̀, ó ń ka oògùn, ó ń yẹ àpò ìtọ́jú wò. Ọjọ́ fífò niṣẹ́ wà. Ọrùn ẹsẹ̀ àti orí ló sábà máa ń fara pa, torí pé ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ kò pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, tàbí ó na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kanlẹ̀, kó wá yí gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun, itan, ìdí, títí dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá forí gbálẹ̀, ẹ má gbé e dìde kẹ́ ẹ tó yẹ ọrùn rẹ̀ wò.

Olùtọ́jú náà ń fò pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀ o. Okùn ẹsẹ̀ bàtà 15 ló fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ ṣáájú ara rẹ̀. Tó bá gbàgbé, ẹrù yẹn lè ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.