Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ kọ́ nínú àwòrán yíyà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ó wù mí kí n mọ àwòrán yà, àgàgà ojú èèyàn, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n kọ́ egungun àti iṣan ara ná. Ẹlòmíràn ní perspective, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń kéré sí i lójú bó ṣe ń jìnnà, ló ṣáájú. Àwọn kan ní kí n ṣáà ra àwọ̀ kí n máa kùn ún lọ. Mo ti gbìyànjú gbogbo rẹ̀, mo sì ti pa gbogbo rẹ̀ tì. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló ṣáájú èwo?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Kò sí ẹni tó parọ́ fún yín nínú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n dárúkọ lẹ máa kọ́. Ohun tí wọn ò sọ ni pé ọ̀kan ló ń gbé ìkejì ró. Ẹni tí kò tíì lè ya agolo kó rí bí ohun tó ṣeé dì mú, kí ló fẹ́ fi iṣan apá ṣe? Bí ẹ bá wo apá èèyàn dáadáa, agolo méjì tó so kọ́ra ní ìgúnpá ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ kọ́ ojú wọn láti wo nǹkan àti ọwọ́ wọn láti fa ìlà, kí wọ́n tó bọ́ sí bí nǹkan ṣe rí gan-an, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, kí ó tó wá kan ara èèyàn.

Ti ọwọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́. Pẹ́ńsùlù HB kan, 4B kan tó rọ̀ tó sì ṣú jù ú lọ, àti bébà lásán ti tó. Ẹ fi àmì méjì sórí bébà, kí ẹ fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan náà láìlo rúlà, kí agbára ìlà tó gùn máa ti èjìká wá, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ nìkan. Ti ojú ni kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan: ẹ na apá tán, ẹ di ojú kan, ẹ fi pẹ́ńsùlù wọn fífẹ̀ nǹkan náà, kí ẹ wò ó bóyá ìwọ̀n yẹn wọ inú gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù ni páálí àti ife. Ẹ gbé páálí síwájú yín kí ẹ̀gbẹ́ méjì àti òkè rẹ̀ hàn. Àwọn etí tó ń lọ sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò pàdé ara wọn rárá, ṣùgbọ́n lórí bébà wọ́n gbọ́dọ̀ máa súnmọ́ra, kí wọ́n sì forí lé ibi tó bá gíga ojú yín dọ́gba. Perspective tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín kò ju èyí lọ níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé ife sórí tábìlì, kí ẹ jókòó bí ẹnu rẹ̀ á ṣe hàn sí yín díẹ̀. Ẹnu ife náà rí róbótó, àmọ́ ohun tí ojú yín rí fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò ga. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kì í fi ìlà gbọọrọ ya ìdí ife, torí ó mọ̀ pé tábìlì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ ìdí yẹn gan-an ló yẹ kó tẹ̀ ju ẹnu lọ, nítorí ó jìn sí ìsàlẹ̀ ojú yín ju ẹnu lọ. Ẹ gbé ife náà sókè díẹ̀díẹ̀: ẹnu rẹ̀ á máa pa dé títí á fi di ìlà kan ṣoṣo nígbà tó bá bá ojú yín dọ́gba. Ohun tí orí wa mọ̀ ni ọwọ́ máa ń yára yà, kì í ṣe ohun tí ojú rí, ohun kan náà ló sì ń ba àwòrán ojú èèyàn jẹ́. Ẹyinjú wà ní àárín orí gan-an, láti àtàrí dé àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń gbé e sókè jù, torí wọn kì í ka ibi tí irun bò mọ́ orí.

Tí ẹ bá ti lè ya páálí láti ìhà tí ẹ ò wò, ẹ bọ́ sí òjìji. Iná kan ṣoṣo, bọ́ọ̀lù funfun kan. Ẹ wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ibi tó ṣú jù lára bọ́ọ̀lù, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí tábìlì dá padà sí abẹ́ rẹ̀, àti òjìji tó sùn sórí tábìlì. Ẹ má fi ìka ra ohun tí ẹ fi pẹ́ńsùlù kùn káàkiri kó lè dán. Òjìji kì í tún ìlà tó wọ́ ṣe.

Nínú ara èèyàn, bí ẹni náà ṣe dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì péré. Ìwọ̀n ló tẹ̀lé e: àgbàlagbà máa ń tó orí méje àti ààbọ̀ ní gíga. Egungun àti iṣan wá lẹ́yìn èyí.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ọnà ọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1648, nígbà náà lọ́hùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ da àwòrán ẹlòmíràn kọ, á ya ère, kí wọ́n tó jẹ́ kó ya ẹni tó wà láàyè. Mo gba ètò náà, torí ère kì í mira, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ kí èèyàn dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohun tó wù ú. Mo gbà pé ìdí tí ẹ fi ń pa á tì nìyẹn: ojú èèyàn lẹ fẹ́, ẹ kò sì yà á. Ẹ pín àkókò yín sí méjì lójoojúmọ́. Ìdajì fún ẹ̀kọ́ tó kàn, ìdajì fún ojú èèyàn láti ọjọ́ kìíní, bó tiẹ̀ wọ́. Ẹ kò sì ní láti mọ ẹ̀kọ́ kan tán kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Ẹ ó máa padà sí páálí náà títí.

Àwọ̀ lè dúró. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ṣú tàbí mọ́lẹ̀ tó, ẹni tí kò bá sì tíì lè fi pẹ́ńsùlù dúdú nìkan mú ìyàtọ̀ yẹn jáde kò ní rí i mú nínú pupa àti búlúù.